Ta Ló Máa Mú Tanímọ̀la?



Ní Sátidé kan, bí a ṣe ń ti páàkì bọ̀, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, di okùn ajá wa mú, ó ní: "Dádì, tí ẹ̀yin àti Mọ́mì bá kú, ta ló máa mú Tanímọ̀la?"

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ ohun tí ìyá mi máa ń sọ: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò ìyá mi kan ṣaláìsí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àti ológbò wọn nìkan ló ń gbé. Ẹbí pé jọ kíákíá. A sọ̀rọ̀ ìsìnkú, a sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, a sọ̀rọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹrin ni ẹnì kan tó rántí ológbò. Aládùúgbò kan ló ti ń fún un lóúnjẹ. Kò sẹ́ni tó lè mú un: onílé wa nígbà náà kì í gba ẹran ọ̀sìn, àwọn mìíràn sì ní ọmọ tí irun ológbò máa ń mú sín. Níkẹyìn, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko ni wọ́n gbé e lọ. Àǹtí mi tó ń se ẹja tútù fún ológbò yẹn kò kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ mi kò gbàgbé.

Bàbá mi ló sọ ajá wa lórúkọ nígbà tí a gbà á. Wọ́n ní Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán, òwe la máa ń fi pa fún àwọn tó wà nítòsí. Tanímọ̀la: ta ló mọ ọ̀la? Àwa la wá gba òwe náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí ohun kan bá dúró lórí ẹnì kan ṣoṣo, a máa ń béèrè pé: tí ẹni yẹn kò bá sí ńkọ́? Mi ò bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí nílé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin.

Ohun tí òfin sọ

Lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ohun ìní ni ajá, bí àga, bí mọ́tò. Ohun ìní kò sì lè ní owó tirẹ̀. Ẹ kò lè fi owó sílẹ̀ fún ajá fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi ajá náà sílẹ̀ fún ènìyàn, kí ẹ sì fi owó ìtọ́jú tì í.

Tí ènìyàn bá kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin ló máa pín ẹrù rẹ̀, ajá náà á sì wà lára ẹrù. Nílé, ẹbí lè jókòó, kí wọ́n pín ogún ní ìdí igi tàbí ní orí òjorí. Níbí, òfin kò dúró de ìjókòó ẹbí. Kódà, ẹni tí ẹ jọ ń gbé tí ẹ kò bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin kò sí nínú ìpín yẹn rárá.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé èyí fún ìyá mi lórí WhatsApp, mo kọ "ìwé ogun" dípò "ìwé ogún". Ẹ má dá mi lóhùn, ara mi ni mo fi kọ́ Yorùbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá ní: "O ò ṣì í kọ. Ogún tí a kò kọ sílẹ̀, ogun ló máa ń dà."

Ohun tí a ṣe

Àkọ́kọ́, a wá alágbàtọ́. Ẹ bi onítọ̀hún kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í bóyá onílé rẹ̀ gba ajá, bóyá ara rẹ̀ gbà á, kí ẹ sì ní ẹnì kejì, bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá lè ṣe é. Àbúrò ìyàwó mi ní Manchester ló gbà. Ọ̀rẹ́ wa kan ni igbákejì.

Èkejì, a ṣírò owó. Oúnjẹ, dókítà ẹranko àti inṣọ́ránsì Tanímọ̀la ń lọ sí £110 lóṣù, ìyẹn £1,320 lọ́dún. Tó bá lo ọdún 10 sí i, £13,200 ni. Agbára wa kò gbé gbogbo rẹ̀, a wá pinnu £6,000. Ẹ rántí pé báńkì máa ń ti àkáǹtì ẹni tó kú pa títí ìwé ilé ẹjọ́ á fi jáde, ìyẹn sì lè gba oṣù púpọ̀. Nítorí náà, a ti fún alágbàtọ́ ní owó díẹ̀ tó lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwé ìhágún. Òfin ọdún 1837 ṣì ni à ń lò: ẹ máa fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà á sì fọwọ́ sí i. Ẹ má fi alágbàtọ́ tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, torí ẹ̀bùn rẹ̀ á bọ́ sọ́nù. Ẹ lè kọ lẹ́tà ìfẹ́-ọkàn tì í, tó sọ bí ajá ṣe ń jẹ àti bó ṣe ń sùn, ṣùgbọ́n òfin kò fi lẹ́tà yẹn de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ dè é pinpin lè bá lọ́yà sọ̀rọ̀ nípa trust. Ti ẹranko kì í kọjá ọdún 21 níbí.

Ẹ̀kẹrin, chip abẹ́ awọ. Ó ti di dandan fún ajá ní England láti ọdún 2016, àti fún ológbò láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí alágbàtọ́ yí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ padà.

Ikú nìkan kọ́ o. Àìsàn lè dá ènìyàn dúró, kó má lè ṣe ìpinnu mọ́. Lasting Power of Attorney ló ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti ná owó yín sórí ohun tó yẹ.

Tí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, Dogs Trust, Cats Protection àti RSPCA ní ètò tí ẹ lè forúkọ sí kí wọ́n lè wá ilé tuntun fún un. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló gba trust fún ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bíi ti Leona Helmsley, tó fi mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀ fún ajá rẹ̀. Ní ọdún 2008, adájọ́ New York gé e sí mílíọ̀nù 2.

Ohun tí mi ò retí

Nígbà tí mo kọ orúkọ alágbàtọ́ Tanímọ̀la tán, ìyàwó mi wo ìwé náà, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní: "A ti rí ẹni tó máa gba ajá. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọmọ méjì la bí. Ọdún mẹ́jọ la ti ń ṣe òbí, a kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Òfin ọmọ ti ọdún 1989 gba òbí láàyè láti yan alágbàtọ́ nínú ìwé tó ní déètì àti ìfọwọ́sí. Ojú tì mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la ṣe é.

Ìyá mi ṣì ń ní, "Ẹ ò ní kú." Mo ní àmín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín kọ lẹ́tà ẹran ọ̀sìn yín. Tiwa kọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ má fún un ní egungun adìyẹ. Ó ń bẹ̀rù àrá. Tí ẹ bá ní 'wá jẹun', ó máa wá. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ní báyìí, àbúrò ìyàwó mi, tí Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀", ti ń kọ́ "jókòó", "dúró" àti "ó tó". Ọmọ mi ni olùkọ́ rẹ̀.