Wagle Di Bàbá Àgbà

Ọkùnrin kan wà nínú ìwé ìròyìn The Times of India tí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ ti pá, irun díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí; ó fi awò sójú, ó wọ kóòtù, ó sì ró aṣọ dhoti sísàlẹ̀. Òṣèlú á parọ́, ọjà á wọ́n gógó, òun á kàn máa wò wọ́n ni. R. K. Laxman bẹ̀rẹ̀ sí í yà á lọ́dún 1951, gbogbo Íńdíà sì gbà á ní aṣojú mẹ̀kúnnù. Ọwọ́ ayàwòrán yìí kan náà ni Wagle ti jáde wá.

Lọ́dún 1988 tí eré Wagle Ki Duniya, ìyẹn Ayé Wagle, bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Doordarshan ti ìjọba ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń wò. Doordarshan ti rí agbára ìtàn ẹbí ṣáájú. Lọ́dún 1984, eré Hum Log kó bàbá àgbà, ìyá àgbà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ sábẹ́ òrùlé kan, ó sì gbayì gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni ìjọba fẹ́ fi í kọ́ aráàlú, pàápàá lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Bí abala kọ̀ọ̀kan bá ti parí, àgbà òṣèré Ashok Kumar á yọ síta, á bá òǹwòran sọ̀rọ̀.

Wagle kò dúró wàásù fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Kundan Shah ló darí eré náà, ẹni tó ti fi àwọn agbaṣẹ́ṣe oníjìbìtì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú fíìmù Jaane Bhi Do Yaaro (1983). Anjan Srivastav ló ṣe Wagle. Òṣìṣẹ́ báǹkì lòun náà, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ bí akọ̀wé ṣe ń jókòó. Bharati Achrekar ló ṣe Radhika, ìyàwó rẹ̀. Nínú abala kan, ọ̀dọ́kùnrin kan fi mọ́tò gbá Wagle. Ta ló ṣe awakọ̀ náà? Shah Rukh Khan ni, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

Ayé sátẹ́láìtì wá dé. Láti ọdún 2000 tí Kyunki Saas Bhi Kabhi Bahu Thi ti bẹ̀rẹ̀ lórí Star Plus, ilé ńlá, góòlù, omijé àti ọ̀tẹ̀ láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé ló gba orí tẹlifíṣọ̀n kan. Àwọn tó ń wo Zee World ní Nàìjíríà mọ irú eré bẹ́ẹ̀ dunjú. Ó dùn ún wò, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àmọ́ mẹ̀kúnnù ti pòórá nínú rẹ̀.

JD Majethia àti Aatish Kapadia, tí àwọn náà ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Khichdi (2002), ìdílé Parekh fẹ́ ta ilé àjogúnbá kí kálukú lè máa bá tirẹ̀ lọ. Bàbá wọn fárígá, ni gbogbo wọn bá jókòó ti bàbá, wọ́n ń retí ikú rẹ̀. Nínú Sarabhai vs Sarabhai (2004), ìyá ọkọ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbé ní fúláàtì tó dojú kọra. Kì í ṣe orí ogún ni wọ́n ti ń jà: Monisha, ìyàwó ọmọ, fẹ́ràn ọjà ẹ̀dínwó, Maya, ìyá ọkọ, kò sì lè fara dà á. Sumeet Raghavan ni ọkọ tó há sáàárín.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn, Hats Off Productions, wá jí Wagle dìde fún tẹlifíṣọ̀n Sony SAB, wọn ò wá Wagle tuntun. Srivastav àti Achrekar, tọkọtaya ọdún 1988, ni wọ́n pè padà, wọ́n sì sọ wọ́n di bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Sumeet Raghavan di Rajesh ọmọ wọn, Pariva Pranati di Vandana ìyàwó rẹ̀. Sakhi àti Atharva ni ọmọ-ọmọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí kòrónà ṣì ń jà, eré náà bẹ̀rẹ̀. Laxman kò sí láyé mọ́; ó ti kú ní oṣù Kìíní ọdún 2015.

Ohun tó gbé eré yìí ró nìyí: ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì ti kọjá lára àwọn òṣèré méjèèjì lóòótọ́, ojú wọn sì fi hàn. Rajesh jẹ́ ọmọ fún àwọn wọ̀nyí, ó jẹ́ bàbá fún àwọn tó dàgbà tòun ti fóònù, kò sì sí ọ̀tá kankan nínú ilé tí a lè di gbogbo ẹ̀bi rù. Eré náà ti kọjá abala 1000.