Ta Ni Atamátàsé Tòótọ́?

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ lẹ́yìn òkè Atakpamé, pápá bọ́ọ̀lù a di ilé ẹjọ́. Gbogbo ẹni tó dúró létí ìlà ni adájọ́. Ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni wọ́n ń gbé sórí; èyí tó bá gbá a kọjá lórí òpó, wọn yóò bú u títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Atamátàsé ni èdè wa ń pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtigbá góólù wọlé. Ọ̀rọ̀ náà rán wa létí ọdẹ tó ta ọfà tí kò tàsé. Ṣùgbọ́n ẹran tó kú nìkan là ń kà, a kì í ka ọfà. Àṣìṣe wa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, nínú irú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, máa ń ya 20 yáàdì tó kẹ́yìn sọ́tọ̀. Wọ́n á ka iye ìgbà tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀, àti iye ìgbà tó mú èso wá. Ibi tí a ń pè ní ojú ilé nínú bọ́ọ̀lù tiwa, mítà 16 àbọ̀, kò jìnnà sí ìwọ̀n yẹn. Àwa náà lè kà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Emmanuel Adebayor, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé ní 1984. Góólù 11 ló gbá wọlé nínú ìdíje tó gbé Togo dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2006. Nígbà tí wọ́n dé Jámánì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 parí, kò sì gbá ọ̀kankan wọlé. Ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti rọ ni? Ní sáà 2007-2008, ó gbá góólù 24 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 36 fún Arsenal, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà fún ọdún 2008. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 kéré jù láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Èmi náà jẹ̀bi irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wà lára àwọn tó pariwo pé kí wọ́n yọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa, torí pé ó tàsé lẹ́ẹ̀mẹta lójú ilé lọ́jọ́ kan. Ìyá kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì àgbà wa ló ṣí ìwé rẹ̀ fún mi. Láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 ló ti ń fa ìlà: ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbá lójú ilé, ó sì ń yí róbótó sí èyí tó wọlé. Ọmọ náà gbá 15, 5 wọlé. Ẹni tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ gbá 12, 4 wọlé. Àwọn méjèèjì rí ọ̀kan nínú mẹ́ta.

Ìyá náà ní, “Ọ̀gá, ẹ yọ pẹ́nárítì kúrò.” Kárí ayé, pẹ́nárítì bí 3 nínú 4 ló máa ń wọlé; kò ṣeé dà pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù tí ènìyàn gbá láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tá. Ẹni kejì ti gba pẹ́nárítì 4, 3 wọlé. Èyí tó kù fún un jẹ́ góólù 1 nínú 8. Ẹni tí a ń bú kò gba pẹ́nárítì kankan.

Ojú tì mí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ìwé náà, kò sì yọ ọmọ náà. Ìlà 15 kò tíì tó láti pè é ní atamátàsé, ṣùgbọ́n ó tó láti dá wa dúró kí a má lé e. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lórí pápá, ẹjọ́ kejì wà nínú àwọn bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, pẹ́ńsù àti ìwé olówó pọ́ọ́kú sì lè gbà á sílẹ̀.