Ẹ Yẹ Eèpo Idẹ Wò Kí Ẹ Tó Yin Òmíràn

Ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà mọ iye ẹ̀tù tó rọ sínú ìbọn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, òun ló kì í, tó bá sì pọ̀jù, òun náà ni ìbọn máa fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ra kátírííjì ráífù nínú páálí kò rí ẹ̀tù kankan. Ilé iṣẹ́ ti bá a wọ̀n ọ́n, wọ́n ti dé e pa, ó kàn fọkàn tán wọn ni. Ìfọkàntán yẹn kì í sábà já sí òfo, torí wọ́n ń dán kátírííjì wò kí wọ́n tó kó o jáde. Ṣùgbọ́n ìfúnpá tó máa wà nínú ìbọn yín kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nìkan. Ipò tí ìbọn wà ń dá sí i, ooru ń dá sí i, ìwà ẹni tó ń yìn ín náà ń dá sí i. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń bá àwọn aládùúgbò wọn lọ dẹ ìgbẹ́ àgbọ̀nrín, ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí ráífù pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú níbẹ̀ ju tọ̀dọ̀ wa lọ.

Ẹ̀yà mẹ́rin ni kátírííjì ní: eèpo idẹ, ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀, ọta tó wà lórí rẹ̀, àti pírámà, ìyẹn kinní róbótó kékeré tó wà nídìí. Tí ẹ bá fa ìbọn, abẹ́rẹ́ ìbọn á gún pírámà, pírámà á ṣẹ́ná, iná á ran ẹ̀tù, ẹ̀tù á di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Ọta ló máa yà fún un. Ìfúnpá tó ń ti ọta yìí kì í ṣe kékeré rárá. SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, ló ń fi ààlà sí i. Fún kátírííjì .308 Winchester, ààlà náà jẹ́ páùn 62,000 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Fún .30-06, ó jẹ́ 60,000. Táyà mọ́tò tí fọ́kanáísà fún ní atẹ́gùn kì í sábà ju nǹkan bí 32 lọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan tí ìbọn .308 bá dún, ìfúnpá inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ẹgbàá ti táyà, nítòsí ojú ẹni tó gbé e léjìká.

Idẹ ló ń dáàbò bo ojú yẹn. Bí ẹ̀tù bá ti ń jó, eèpo idẹ á fẹ̀, á lẹ̀ pinpin mọ́ ara ilé kátírííjì, ìyẹn ihò tí kátírííjì ń wọ̀ nínú ìbọn, kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná rí àyè sá padà sẹ́yìn. Bí ọta bá ti jáde lẹ́nu ìbọn, ìfúnpá á wálẹ̀, idẹ á súnkì díẹ̀, á sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ṣí bóòtù, ìyẹn irin tó ń ti ìdí ilé kátírííjì pa. Irin tó yí i ká náà ń fẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí i. Níbi tí ìfúnpá bá ti pọ̀jù, irin máa padà sí ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n idẹ tó ti fẹ̀ kọjá agbára rẹ̀ kò ní lè padà tó bẹ́ẹ̀. Irin á wá fún un mọ́ inú. Ẹ fẹ́ gbé ọwọ́ bóòtù sókè, kò gbé. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kó tó ṣí. Nínú gbogbo àmì tó wà, èyí ni mo kà sí jù, nítorí ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n lára, kò sì sí ẹni tó lè ní òun kò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ mú eèpo tó jáde, ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Etí pírámà tí ìfúnpá rẹ̀ wà níwọ̀n máa ń tẹ̀ roboto, ẹ ó rí ìlà kékeré kan láàárín òun àti idẹ tó yí i ká. Bí ìfúnpá bá ṣe ń ga, etí yẹn á máa tẹ́, títí pírámà á fi tẹ́ pẹrẹsẹ tí ìlà yẹn á sì pa rẹ́. Ẹ wo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Bí etí ihò náà bá wú sókè bí òkè kékeré, a jẹ́ pé pírámà ti ń sún wọ inú ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà jáde nínú bóòtù. Bí pírámà bá lu jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná ti gba inú bóòtù padà sẹ́yìn nìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni yin ráífù láìwọ awò ojú. Bí pírámà bá sì jábọ́ fúnra rẹ̀ nínú eèpo, ihò tó dì í mú ti fẹ̀ jù, ìfúnpá náà ti kọjá ààlà pátápátá.

Lára ìdí idẹ kan náà, ẹ lè rí ojú kan tó ń dán, róbótó tàbí bí ìlàjì òṣùpá. Ihò kékeré kan wà lójú bóòtù fún irin tó ń ta eèpo síta. Idẹ tó bá rí ìtì tó pọ̀jù máa ń sún wọ inú ihò náà, nígbà tí ẹ bá sì yí bóòtù, á fá ohun tó sún wọlé yẹn. Ojú dídán tí ẹ rí ni ibi tó ti fá a.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Pírámà lè tẹ́ láìsí ìfúnpá àpọ̀jù. Bí àyè tó wà láàárín ìdí kátírííjì àti bóòtù bá tóbi jù, pírámà á kọ́kọ́ sún jáde díẹ̀, ìtì á tún gbá ìdí eèpo mọ́ ọn, á sì tẹ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń lo pírámà tí irin rẹ̀ rọ̀. Ihò abẹ́rẹ́ inú ìbọn mìíràn fẹ̀ jù láti ilé iṣẹ́, gbogbo pírámà tó bá yìn ni yóò wú. Nítorí náà, ẹ má fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ eèpo mìíràn láti inú páálí kan náà, àti ti páálí mìíràn tí ìbọn kan náà yìn. Bí àmì méjì tàbí mẹ́ta bá pé jọ lára eèpo kan, tí bóòtù sì le, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní 1921, nígbà ìdíje ìyìnbọn gbogbo orílẹ̀-èdè ní Camp Perry ní ìpínlẹ̀ Ohio, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí gbogbo oníráífù mọ̀. Ọta .30-06 ìgbà náà ní awọ bàbà àti nickel tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, àwọn ayìnbọn sì ti mọ́ ọn lára láti máa ti orí ọta bọ gírísì kí wọ́n tó yìn ín. Lọ́dún yẹn, Frankford Arsenal tó wà ní Philadelphia fi tánńganran bo ọta kí ó má bàa lẹ̀ mọ́. Láìsí gírísì, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí kátírííjì ti ń pẹ́ nílẹ̀, tánńganran ń so ọta mọ́ ọrùn eèpo idẹ. Gírísì tí wọ́n bá fi sí i á wá kún àyè tó yẹ kí ọrùn náà fẹ̀ sí, kò ní lè tú ọta sílẹ̀ bọ̀rọ̀, ìfúnpá á sì fò sókè. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ayìnbọn pé kí wọ́n má fi gírísì sí i. Àwọn kan kọ̀, wọ́n sì ba ìbọn jẹ́. Julian Hatcher tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ohun ìjà ológun Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé kò sí ẹni tó rọ ẹ̀tù ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà tí ọta máa gbà jáde ló dí.

Ìdínà ọ̀nà yẹn gan-an ló tún ń pa ìbọn nígbà tí wọ́n bá ki kátírííjì tí kì í ṣe tirẹ̀ sínú rẹ̀. SAAMI fọwọ́ sí kátírííjì 300 Blackout ní 2011. Wọ́n ṣe é kó lè lo bóòtù àti máágásíìnì kan náà pẹ̀lú .223, ó sì lè wọ inú ilé kátírííjì .223 nígbà mìíràn. Ọta rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 0.308, ọta tí ọ̀pá ìbọn náà wà fún kò ju 0.224 lọ. Ìbọn á fọ́ ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sídìí eèpo, ẹ ka èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn, kí ẹ sì má ṣe da páálí méjì pọ̀ sórí tábìlì kan.

Ooru náà ń kó tirẹ̀ wá. Ẹ̀tù tó gbóná ń jó kíákíá ju èyí tó tutù lọ. Kátírííjì tó sùn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò ní Texas nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè fi àmì hàn, kí ìyókù páálí kan náà tó wà ní yàrá tútù má fi nǹkan kan hàn. Bákan náà, ẹ má fi kátírííjì sílẹ̀ nínú ìbọn tó ti dún léraléra tó sì gbóná. Òróró nínú ilé kátírííjì burú lọ́nà tirẹ̀: idẹ kò ní rí ògiri dì mú, ìtì tó yẹ kí ògiri bá a gbé á wá lọ sórí bóòtù.

Ewu tó ń bà mí lẹ́rù jù wà lára ìbọn tó ti pẹ́. Àmì ara idẹ máa ń pẹ́ kó tó yọ. Nígbà tó bá yọ, ìfúnpá sábà máa ń ti kọjá ààlà. Ìbọn bóòtù tó lágbára lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ààlà kátírííjì .30-30 jẹ́ 42,000, ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ rẹ̀ ni a sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ síwájú-sẹ́yìn láti kì í. Irin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè ti máa jìyà nígbà tí idẹ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta máa ń wúlò níbí. Bí ọta bá ń sáré ju ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ dáadáa, láti inú ọ̀pá ìbọn tí kò gùn ju ti ìdánwò lọ, ibì kan ni eré náà ti wá, ìfúnpá ló sì ń sún un.

Bí bóòtù bá le tàbí tí pírámà bá lu, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ kọjú ẹnu ìbọn sí ibi tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ yọ bóòtù, kí ẹ sì wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn. Bí ìdún tó ṣáájú bá rọlẹ̀ tí ìbọn kò sì ta yín léjìká bó ṣe ń ṣe, ọta lè há sínú ọ̀pá, èyí tó bá tẹ̀lé e ni yóò fọ́ ọ. Ẹ kó àwọn eèpo tó ti jáde jọ, ẹ pa páálí mọ́, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i ni wọ́n fi máa mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti àwọn mìíràn tí wọ́n ṣe pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbé ìbọn lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe kátírííjì. Kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ẹ má yin ìyókù, ẹ má sì fún ẹlòmíràn.