Bí ìlú 7 ṣe lè di 9 nínú kọ̀ǹpútà: Ìtumọ̀ síso orúkọ pọ̀ àti títú u palẹ̀

Àwọn ará Òkè-Ògùn mọ̀ pé ATISBO, tí í ṣe ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 10 tó wà lágbègbè náà, kì í ṣe orúkọ ìlú kan ṣoṣo. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú bíi Àgọ́-Àrẹ, Tedé àti Ìràwọ̀ ni wọ́n kó jọ tó fi di orúkọ. Ẹni tó bá mọ àwọn ìlú náà kò ní í ṣì í kà. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò dé Òkè-Ògùn rí kò lè tú orúkọ náà padà sí ìlú tó ti wá, nítorí kò sí àmì kankan tó fi hàn án pé ibi báyìí ni ọ̀kan parí sí, ibi báyìí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà. Ohun tí a bá kọ síwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tàbí orúkọ yòówù tí a bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní string, ìyẹn okùn, torí pé lẹ́tà tó tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Nígbà tí orúkọ bá pọ̀, tí a sì fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, a ó so wọ́n pọ̀ di okùn kan gbọọrọ, a ó sì fi àmì kan, tó sábà máa ń jẹ́ kọ́mà, pààlà sáàárín wọn.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn yóò tètè lóye èyí. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ náà ń jáde lórí òfì, kí wọ́n tó rán awẹ́ kan mọ́ èkejì. Bí awẹ́ bá jẹ́ 7, ojú ìrán 6 péré ni yóò wà, nítorí kò sẹ́ni tí í rán etí aṣọ tó kẹ́yìn mọ́ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà a máa fi kọ́mà sẹ́yìn gbogbo orúkọ, títí kan èyí tó gbẹ̀yìn. Bí a bá ní kí èdè Python tú irú okùn bẹ́ẹ̀, yóò ka orúkọ 8, òfìfo sì ni ìkẹjọ. Java ní tirẹ̀ yóò ju òfìfo ìparí náà nù, yóò sì ka 7, àyàfi bí a bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn èdè wọ̀nyí fi ní irinṣẹ́ tó ń jẹ́ join, tó mọ̀ pé àárín nìkan ni àmì ń wà.

Yíyan àmì gan-an tún lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìlú 7 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú: Ọ̀tú, Kòmú, Òkaka, Ìpapó, Igbójàyè, Baba-Òde àti Òkè-Àmù. Ká ní akọ̀wé kan fi dáàṣì kékeré so wọ́n pọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tú u, Baba yóò di ìlú ọ̀tọ̀, Òde yóò di ìlú ọ̀tọ̀, Òkè àti Àmù náà yóò pínyà. Ìlú 7 di 9 nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ₦630,000 ni wọ́n fẹ́ pín lọ́gbọọgba, ₦90,000 ló tọ́ sí Kòmú, ṣùgbọ́n ₦70,000 ni yóò rí gbà, owó ìyókù yóò sì wà lórúkọ ìlú tí kò sí láyé.

Kọ́mà náà kò mọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń kọ orúkọ ìdílé ṣáájú, tí wọ́n á fi kọ́mà sí i, kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹni. Bí a bá to èèyàn méjì báyìí, mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà yóò kà. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005, tó ń jẹ́ RFC 4180, sọ pé kí a fi àmì àyọlò méjì ká orúkọ tó bá ní kọ́mà nínú, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ibi tí ọgbọ́n object-oriented ti wúlò nìyí. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ọmọ orílẹ̀-èdè Norway, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú èdè Simula ní àwọn ọdún 1960. Kókó rẹ̀ ni pé kí a kó dátà àti iṣẹ́ tí a lè fi í ṣe sínú àpò kan, kí ó má sì sí ẹni tí yóò ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láìgba ẹnu ọ̀nà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan yóò dá dúró nínú àpò náà. Bí a bá fẹ́ fi kún un tàbí yọ kúrò, àpò ni a ó bẹ̀. Ìgbà tí orúkọ bá ń jáde lọ nìkan ni a ó so ó pọ̀. Ẹni tó bá ń wá “Àgọ́” láti parẹ́ nínú okùn gbọọrọ lè ba Àgọ́-Àrẹ àti Àgọ́-Àmọ́dù jẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n nínú àpò, odindi orúkọ ni a ń yọ.

Ó tún ń dín iṣẹ́ kù. Nínú Java, okùn tí a ti ṣe kì í yí padà mọ́. Bí a bá ń fi orúkọ kọ̀ọ̀kan lé e, ṣe ni yóò máa da gbogbo ti àtẹ̀yìnwá kọ lákọ̀tun, bí ìgbà tí télọ̀ ń rán odindi aṣọ òmíràn nítorí awẹ́ kan. Fún orúkọ 1,000, ìdàkọ náà yóò tó 500,000. StringBuilder ló ń gbani lọ́wọ́ èyí, StringJoiner tó dé pẹ̀lú Java 8 lọ́dún 2014 sì ń fi àmì sáàárín fúnra rẹ̀.

Àwa Yorùbá tún ní tiwa lọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà “ò” bí àmì kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bí “o” àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni Kòmú méjèèjì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò ní wọn kò dọ́gba, yóò sì sọ pé ìlú náà kò sí nínú àkójọ. Àtúnṣe ibẹ̀ ni pé kí a sọ gbogbo orúkọ di irú kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí wọ́n tó wọnú àpò.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá já sí méjì lórí ìwé owó oṣù, ìwé ìdánwò tàbí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, òun ni yóò máa sáré kiri. Nítorí náà, kí akọ̀wé tó bá fi àkójọ ránṣẹ́ ka iye orúkọ kó tó so wọ́n, kó tú u wò, kó sì tún un kà. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, kó má tíì fi ránṣẹ́.