Ta Ní Ń Ka Ohun Tí A Fi Fóònù Ránṣẹ́?

Láti ìgbà tí a ti ń fi WhatsApp pe ìpàdé ni àwọn ìyá ọlọ́jà kan ti ń bi wá léèrè ní ọ́fíìsì pé: "Akọ̀wé, ṣé ìjọba kò máa ka gbogbo ohun tí à ń kọ síbẹ̀ báyìí?" Ẹ̀rù tilẹ̀ ti ba àwọn mìíràn débi pé wọn kì í kọ iye owó sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan kò tó fi dáhùn, nítorí apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní.

Kí ìwé kíkọ tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí onítọ̀hún. Bí onítọ̀hún bá dá mẹ́jọ padà, ọ̀rọ̀ wọn jọ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n rán, owó ẹyọ lásán ni ojú tirẹ̀ rí. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ àrokò lè tú u.

Ti òde òní, tí òyìnbó ń pè ní encryption, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, síbẹ̀ ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè tú u. Ẹ wò ó báyìí: ká ní Ìyá Aláṣọ ra àgádágodo rẹpẹtẹ tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí gbogbo wọn. Ó pín àgádágodo náà ní ṣíṣí fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró ara rẹ̀. Oníbàárà tó bá fẹ́ ránṣẹ́ á kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, á tẹ àgádágodo pa. Awakọ̀ tó gbé e kò lè ṣí i. Oníbàárà tó tì í pàápàá kò lè ṣí i mọ́. Ìyá Aláṣọ nìkan ló kù. Nínú fóònù, nọ́ńbà gígùn gbọọrọ ni àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ yìí, fóònù ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti fi irú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àti ìpè gbogbo ẹni tó ń lò ó, iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kò ní àgádágodo yìí o. Iléeṣẹ́ fóònù lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Apá kejì ló le. Ọmọ tó gbé àrokò kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó mọ ilé tí òun ti gbé e, ó mọ ilé tí òun gbé e lọ, ó sì mọ ìgbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Edward Snowden, tó ti bá àwọn aṣọ́nilẹ́sẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, kó ìwé àṣírí wọn fún àwọn oníròyìn. Nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde, kóòtù ìkọ̀kọ̀ kan ní kí iléeṣẹ́ fóònù Verizon máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ìjọba lójoojúmọ́: ta ló pe ta, nígbà wo, ó ti pẹ́ tó. Wọn kò béèrè ohun tí wọ́n sọ. Àwọn kan ní kí ló wà nínú ìyẹn? Àwa tó ń mú ìwé ẹgbẹ́ mọ̀ pé kékeré kọ́. Bí a bá rí i pé oníṣòwò kan pe báńkì lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, ó pe onídùúró rẹ̀, ó tún wá pe ẹni tó ń bá ni ta ilé, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ sọ fún wa? Ọdún 2015 ni òfin tuntun tó fòpin sí kíkó gbogbo rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà.

Ní tiwa níbí, abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ orí fóònù wa. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó pe ẹni fún ọdún 2, adájọ́ sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Orúkọ olúkúlùkù ló sì wà lára síìmù rẹ̀.

Ká má tan ara wa, kì í ṣe ìjọba ló ń ṣí àpótí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó bá pè yín pé kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ló ń tọrọ yẹn. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ń kó pamọ́ sọ́dọ̀ Google náà kò sí lábẹ́ àgádágodo, àfi bí ẹ bá tì í fúnra yín. Láti ọdún 2021 ni àyè rẹ̀ ti wà. Ẹ ní kí àwọn ọmọ bá yín ṣe é.

Ẹgbẹ́ orí WhatsApp sì rèé, gbogbo wa la ní kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ní ká máa lẹ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè mọ́ ọn lóṣooṣù. Wọ́n ní ìtìjú ló ń jẹ́ kí èèyàn san owó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú kan tó kí ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọjà mìíràn, kí àwọn tó ń kó ọjà àwìn fún onítọ̀hún má fún un mọ́. Ibo ló ti fẹ́ rí owó wa san? Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 náà sì ń wo ẹgbẹ́ tó bá ń fi àkọsílẹ̀ èèyàn ṣeré.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó rẹ̀ ti rí, kó mú ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ní Ọjọ́rú, láago mẹ́wàá sí aago méjì. Ojú ìwé tirẹ̀ nìkan la ó ṣí fún un. Onídùúró lè bá a wá.