Mùsíọ́mù Tí Wọ́n Bò Mọ́ Inú Òkè

  

Ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ilé tí ojú kì í tètè rí ni. Ẹ ṣí Google Maps, kí ẹ wá Naoshima, erékùṣù kékeré kan ní Japan, kí ẹ wá yí i sí àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmọ̀. Òkè, igi àti òkun lẹ máa rí. Tí ẹ bá wá tẹjú mọ́ apá gúúsù dáadáa, ẹ máa rí àwọn ihò kan lórí òkè: òmíràn ní igun mẹ́rin, òmíràn ní igun mẹ́ta, bí ẹni fi rúlà gé ilẹ̀. Mùsíọ́mù Chichu nìyẹn. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an ni "inú ilẹ̀". Tadao Ando ló ya àwòrán ilé náà, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2004.

Ta ló ń kọ́lé olówó ńlá tó tún ń fi yẹ̀pẹ̀ bò ó? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́lé fẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí i ni. A tiẹ̀ máa ń fi géètì gàgàrà kún un.

Ìtàn erékùṣù náà ló máa jẹ́ kó yé wa. Ní ọdún 1917, Mitsubishi gbé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà sí apá àríwá Naoshima. Àwọn ará ibẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe, owó sì wọlé, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ pa ewéko lára àwọn òkè tó yí i ká. Apá gúúsù ló ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó sì wà nínú Setonaikai, ọgbà ńlá tí ìjọba dáàbò bò láti ọdún 1934. Nígbà tí Soichiro Fukutake, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Benesse, wá fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà tún erékùṣù náà ṣe, ibi tó ṣẹ́ kù yìí ni wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Tí wọ́n bá gbé bíríkì àti gíláàsì ràgàjì lé orí òkè yẹn, ẹ̀gbò kejì nìyẹn lára ilẹ̀ kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọnú ilẹ̀ lọ.

Àmọ́ ilé abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe eré. Omi ló kọ́kọ́ ń bá a jà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé tí ògiri rẹ̀ ń lómi lákòókò òjò mọ ohun tí mò ń sọ. Kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ padà sẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi nǹkan tí omi ò lè gbà kọjá bò ó, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ tì í, wọ́n á sì ri páìpù tó máa gbé omi lọ. Ti ìwúwo tún wà ńbẹ̀: yẹ̀pẹ̀ tútù tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní òró, ní ìbú, ní gíga, wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Ẹ wá fojú inú wo òkè odidi pẹ̀lú igi lórí àjà ilé. Èrè ibẹ̀ ni pé oòrùn kì í lu ògiri, nítorí náà ooru inú ilé kì í ṣàdédé lọ sókè sódò, ohun tí àwòrán àtijọ́ sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Àwọn ihò tí ẹ rí lórí Google Maps yẹn ni ojú tí ilé náà fi ń ríran. Yàrá kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n gbé àwòrán òṣíbàtà márùn-ún tí Claude Monet yà sí. Ẹ máa bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Kò sí gílóòbù tó ń tàn sára àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ nìkan ni. Tí kùrukùru bá kọjá lójú oòrùn, àwòrán á ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹni tó lọ láàárọ̀ àti ẹni tó lọ nírọ̀lẹ́ ò rí nǹkan kan náà. Yàrá míì, iṣẹ́ James Turrell, kò ní àwòrán rárá: ẹ jókòó, ẹ gbójú sókè, sánmọ̀ tó wà nínú ihò àjà ni iṣẹ́ ọnà náà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ tán o. Ní Japan kan náà, I. M. Pei ya Mùsíọ́mù Miho, tí wọ́n ṣí ní 1997. Ihò abẹ́ òkè àti afárá lèèyàn máa gbà kó tó débẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ilé náà ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n wọ́n gé òkè náà kúrò ná, wọ́n kọ́lé, kí wọ́n tó dá yẹ̀pẹ̀ padà, kí wọ́n sì tún igi gbìn. Símẹ́ńtì tó wọlé ò kéré, iléeṣẹ́ símẹ́ńtì sì wà lára àwọn tó ń tú èéfín tó ń mú ayé gbóná jáde. Lójú tèmi, ilé tó fara pa mọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ilé tí kò pa ilẹ̀ lára. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni ibi tí omi òjò ń gbà tẹ́lẹ̀, àti igi tó ti wà ńbẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Ní Èkó ńkọ́? Ẹ gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, omi ti yọ. Ní Onikan, níbi tí Dókítà John Randle kọ́ odò ìwẹ̀ sí ní 1928, John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá, ti wà níbẹ̀ báyìí. Seun Oduwole ló ya àwòrán rẹ̀. Òun ò bo ilé mọ́lẹ̀. Ṣe ló jẹ́ kí òrùlé náà dà bí ilẹ̀ tó ń dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì gbin koríko sí i. Iṣẹ́ tó wú mi lórí ni. Ìbéèrè mi kan ni: láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, tí ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn bá gbòde, báwo ni koríko orí òrùlé ṣe ń rí omi mu?

Ẹni tó bá kọjá ní Onikan lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bá wa ya fọ́tò òrùlé yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.