Àgbàlagbà àti Ìbéèrè Ọ́tísíìmù

Ọ̀ràn tí a mú wá síwájú yín yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Àwọn kan ń bẹ láàrin wa tí wọ́n ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti bímọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ní ìkọ̀kọ̀ pé, "Kí li ó dé tí ohun tí ó rọrùn fún gbogbo ènìyàn fi nira fún mi tó báyìí?" Ariwo àsè a máa gún wọn lí etí bí abẹ́rẹ́. Bí a bá dá àpárá, òtítọ́ ni wọn a pè é. Wọn a kọ́ ìkíni sórí bí ọmọ ilé-ìwé ti í kọ́ ìṣirò sórí, wọn a sì ti ìpàdé padà délé pẹ̀lú àárẹ̀ ẹni tí ó roko láti òwúrọ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ nípa ọ́tísíìmù, àyà rẹ̀ a já: àbí ohun tí ó ti ń ṣe mí láti èwe nìyí?

Ọ́tísíìmù kì í ṣe wèrè, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí ọpọlọ ẹni gbà ń ṣiṣẹ́ ni, láti ìbí wá, tí ó fi ṣòro fún un láti mọ èrò ọkàn ènìyàn láti ojú àti ohùn wọn, tí ó sì máa ń rọ̀ mọ́ ìlànà kan tàbí ohun kan gírígírí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba: ẹlòmíràn kò ní sọ̀rọ̀ títí ayé, ẹlòmíràn a sì jẹ́ olùkọ́ni.

Lí ọdún 1925, Grunya Sukhareva ti kọ̀wé ní Moscow nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé Leo Kanner, oníṣègùn ní Baltimore, lí ọdún 1943, li ayé gbọ́. Ọmọ mọ́kànlá li ó kọ nípa wọn. Nítorí èyí, ó pẹ́ tí a fi ń rò pé ọ̀ràn ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ a máa dàgbà. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, Donald Triplett, dàgbà ní ìlú kékeré Forest ní Mississippi. Ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó ń wa ọkọ̀, ó sì kú lí ọdún 2023 nígbà tí ó di ẹni ọdún 89. Àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ ìwà rẹ̀, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. (Òtítọ́ ni pé àwọn òbí rẹ̀ li owó lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn li ó rí irú rẹ̀.)

Ó ti pẹ́ tí a ti ń dá ìyá lẹ́bi, pé àìnífẹ̀ẹ́ rẹ̀ li ó sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Lí ọdún 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter yẹ ìbejì méjì-méjì wò ní ọ̀nà mọ́kànlélógún, wọ́n sì rí i pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò bi ara wọn léèrè àfi ìgbà tí a yẹ ọmọ wọn wò, tí bàbá tàbí ìyá sì rí ara rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí oníṣègùn ń sọ.

Níhìn-ín li a fẹ́ dúró díẹ̀. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, àìwo ènìyàn lójú jẹ́ ọ̀kan nínú àmì tí oníṣègùn ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí a kò kọ́ láti kékeré pé kí ó má ṣe wo àgbà lójú? Àmì yìí nìkan kò lè ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìyàwó tí ó kí ìyá ọkọ rẹ̀ lí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sì kọjá lọ, a kì í béèrè bóyá nǹkan ń ṣe é. Agbéraga li a ń pè é, tàbí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ti ru orúkọ yìí fún ogún ọdún láìṣẹ̀. Àwọn mìíràn, àwọn obìnrin pàápàá, a máa wo bí ẹgbẹ́ wọn ti ń rẹ́rìn-ín, wọn a sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, títí ẹnikẹ́ni kò fi ní fura.

Àwọn kan a máa dáhùn ìbéèrè àádọ́ta tí Simon Baron-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé jáde lí ọdún 2001. Asẹ́ ni èyí, kì í ṣe ìdájọ́. Ìbẹ̀rù, ìtìjú, ìbànújẹ́ tí ó pẹ́, àní etí dídi pàápàá, lè jọ ọ́tísíìmù. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé láti èwe li ó ti wà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kíyèsí i. Ẹni tí ohun wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nígbà tí ó di ẹni ọgbọ̀n ọdún, kí ó wá ìdí mìíràn.

Kò sí oògùn tí í mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ara rẹ̀ lè jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn níbi ìpàdé, ó sì lè sọ fún aya rẹ̀ pé bí òun bá ti àsè dé, kì í ṣe ìbínú li ó mú òun dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ, ní Yábà tàbí ní Arò, kí ó mú ìwé èsì ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ bí ó bá ṣì wà. Kí ó sì kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ̀, nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè, kí ó bi í pé: Ìgbà wo ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ta ni mo máa ń bá ṣeré? Kí li ó máa ń pa mí lí ẹkún? Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìyá ti sọ ọ́ gan-an.